WÁGỌ̀NÙ ẸRÙ TIWA KÒ SÍ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ: ẸNI TÓ BÁ FẸ́ Ẹ YÓÒ FỌWỌ́ ARA RẸ̀ ṢE É

Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù ní New Benin, ní ìlú Bìní, kò ní ṣàì gbọ́ oríṣiríṣi ariwo. Yóò gbọ́ fèrè àwọn ọkọ̀ èrò tó ń sáré gba ọ̀nà New Lagos lọ, yóò gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọjà, yóò sì gbọ́ èdè Ẹdó, èdè Ẹsán, èdè Ìgbò àti èdè Yorùbá tí wọ́n ń dún pọ̀ mọ́ ara wọn. Ohùn kan ṣoṣo ni kò ní gbọ́, ohùn náà sì ni fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin kò tíì wọ ìlú Bìní rí. Èyí tó súnmọ́ ibẹ̀ jù lọ ni ti Itakpe sí Wárì, tó gba Agbor kọjá, Agbor sì jìnnà sí ìlú Bìní tó nǹkan bí 70 kìlómítà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú irin kì í ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó fi New Benin ṣe ibùgbé. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1912, ọkọ̀ ti ń ti Èkó lọ sí Kánò. Ìlú tí ọkọ̀ yìí bá ti dúró, ọjà ń gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ ìlú náà sì ń gba ibẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀. Àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ gáàdì, àwọn tó ń tún irin ṣe, àwọn tó ń ṣọ́ ẹrù kòkó, ẹ̀pà àti màlúù, wọ́n pọ̀ lọ súà nínú ìran Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ Ọ̀fà ni, ó ń tajà ní New Benin, bàbá rẹ̀ sì ti fi ìgbà èwe àti àgbà ṣe gáàdì lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí ìlú Bìní bi í léèrè pé: "Bàbá, báwo ni ọkọ̀ tí Bàbá àgbà ń tẹ̀lé ṣe rí?" Bàbá ọmọ náà la ẹnu, kò mọ èyí tí yóò sọ. Àwòrán kan kò sí nílé. Ó wá ronú pé òun yóò ra ọkọ̀ ojú irin kékeré kan fún ọmọ náà, irú èyí tí àwọn Òyìnbó máa ń tò sórí tábìlì, tó jọ ti gidi láti orí dé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Yóò rí ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì rà, yóò rí ti Amẹ́ríkà, ti Jámánì àti ti Japan. Àmọ́ wágọ̀nù ẹrù tí bàbá rẹ̀ tẹ̀lé láti Èkó dé Ọ̀fà, kò ní rí i lórí àtẹ, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe àfijọ kò ṣe é.

ÌBÚ OJÚ IRIN NI OLÓRÍ Ọ̀RỌ̀

Kí ènìyàn tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ ojú irin àfijọ. Ohun gbogbo tó wà lára ọkọ̀ gidi ni wọ́n máa ń dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé ni HO, èyí tí í ṣe 1:87. Ìyẹn ni pé gígùn ọkọ̀ gidi jẹ́ ìlọ́po mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún gígùn àfijọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn OO, tí í ṣe 1:76. Àwọn méjèèjì ló ń rìn lórí irin kékeré tí àlàfo àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. Irin yìí ló pọ̀ jù lọ lọ́jà, òun náà ni owó rẹ̀ kò gunkè jù.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, àlàfo àárín ojú irin gidi jẹ́ mìlímítà 1435. Bí a bá fi 87 pín in, 16.5 ni yóò kù. Nítorí náà ni irin HO ṣe bá ọkọ̀ wọn mu régí. Ṣùgbọ́n ojú irin tí ìjọba amúnisìn tẹ́ láti Èkó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ìbú rẹ̀, ìyẹn mìlímítà 1067. Bí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ HO sórí irin rẹ̀, tó sì kun ún ní ọ̀dà, tó kọ orúkọ rélùwéè wa sí i lára, ọkọ̀ náà yóò fẹsẹ̀ fẹ̀ ju tiwa lọ. Ohun tó fi lé, bí a bá dá a padà sí ìwọ̀n ti gidi, ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ẹni tó ti rí wágọ̀nù wa rí ní ibùdókọ̀ Òṣogbo yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ayédèrú ni.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ NEW ZEALAND ṢE

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni irú ojú irin yìí wà. Ó wà ní Gánà, ó wà ní South Africa, ó wà ní New Zealand, ní àwọn apá kan ilẹ̀ Australia àti ní Japan. Ní ilẹ̀ Japan, ọ̀pọ̀ wọn fara mọ́ àṣìṣe náà: òṣùwọ̀n 1:80 ni wọ́n ń lò lórí irin 16.5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin náà fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kan ní New Zealand àti Australia kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìṣirò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n ní bí irin 16.5 bá ti wà lọ́jà, tí ojú irin gidi sì jẹ́ 1067, èwo ni òṣùwọ̀n tí yóò mú kí àwọn méjèèjì bára mu? Ìdáhùn rẹ̀ ni 1:64.

Òṣùwọ̀n 1:64 yìí ni wọ́n ń pè ní S. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ilé-iṣẹ́ A. C. Gilbert ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó pè ní American Flyer. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1967, HO ti gba ọjà mọ́ S lọ́wọ́, ó sì di ohun tí àwọn díẹ̀ ń ṣe títí di òní. Irin tí S ti Amẹ́ríkà ń rìn lórí rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 22.4. Èyí tí wọ́n ṣe fún ojú irin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n ń pè ní Sn3½, ó sì ń rìn lórí irin 16.5 tó wọ́pọ̀. Bí a bá pín 1067 sí ọ̀nà 64, 16.67 ni yóò jẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti 16.5 kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan. Ojú lásán kò lè rí i.

Ìyẹn ni pé ọmọ Ọ̀fà tó wà ní New Benin kò ní láti wá irin àrà ọ̀tọ̀. Irin tí gbogbo ayé ń rà ni yóò rà. Ohun tó kù fún un ni wágọ̀nù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

KỌ̀ǸTÉNÀ NI KÓ FI BẸ̀RẸ̀

Ẹni tí kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí ń gbé kọ̀ǹténà ni kó kọ́kọ́ dán wò, nítorí ìwọ̀n kọ̀ǹténà kan náà ni káàkiri àgbáyé. Èyí tó wà ní èbúté Àpápá kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogún gùn ní mítà 6.06, ó fẹ̀ ní mítà 2.44, gíga rẹ̀ tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ mítà 2.59. Ní òṣùwọ̀n 1:64, gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ mìlímítà 95, ìbú rẹ̀ 38, gíga rẹ̀ 40 àti ààbọ̀. Èyí tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogójì yóò gùn tó 190. Kọ̀ǹténà HO kò lè dípò rẹ̀, nítorí gígùn ti ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogún níbẹ̀ kò ju 70 lọ.

Níbo ni yóò ti rí kọ̀ǹténà 1:64? Kò jìnnà. Àwọn mọ́tò onírin kéékèèké tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé, tó máa ń kún inú àtẹ lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló súnmọ́ òṣùwọ̀n yìí. Àwọn kan lára wọn jẹ́ tírélà tó gbé kọ̀ǹténà sẹ́yìn, ènìyàn sì lè yọ kọ̀ǹténà náà kúrò. Ṣùgbọ́n kí olùrà má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ gbọ́ tán. Kó mú rúlà lọ́wọ́, kó wọ̀n ọ́n. Bí ìbú rẹ̀ bá súnmọ́ 38, ó dára. Bí kò bá súnmọ́ ọn, kó dá a padà sórí àtẹ.

Wágọ̀nù tí yóò gbé kọ̀ǹténà náà ni ìkejì. Àwọn HO ti Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ọgọ́ta. Gígùn àfijọ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 210. Bí a bá gbé mìlímítà 210 náà sórí òṣùwọ̀n 1:64, kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́ta mọ́. Ó ti di mẹ́rìnlélógójì. Ó wá bá kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogójì mu, mìlímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá yóò sì ṣẹ́kù ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Àṣìṣe tó kù ni pé ọkọ̀ HO náà kò fẹ̀ ju 35 lọ, kọ̀ǹténà sì fẹ̀ ní 38. Nítorí náà yóò lẹ ike tàbí idẹ pẹlẹbẹ tó nípọn ní mìlímítà méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, yóò lẹ òmíràn mọ́ ti òsì, 39 ni yóò sì jẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà yóò wá di ohun tó lè dúró fún tiwa.

Ọkọ̀ olórùlé, irú èyí tí wọ́n ń kó kòkó àti àpò ẹ̀pà sí, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti HO Amẹ́ríkà tín-ín-rín jù bó bá dé òṣùwọ̀n 1:64. Ti S Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì tóbi jù, nítorí ọkọ̀ ilẹ̀ náà ga, ó sì fẹ̀ ju tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í tún wá ti ẹlòmíràn kiri. Wọ́n á gé ike pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ìlà pákó sí i lára, wọ́n á lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Lóde òní, àwọn mìíràn ń ya ara ọkọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fún ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike mọ nǹkan ní àwòrán náà láti mọ ọ́n jáde.

ẸSẸ̀, ÌKỌ́ ÀTI ÌWÚWO

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àfijọ HO ní ẹsẹ̀ tí ìbú àárín rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 9.6. Lórí òṣùwọ̀n 1:64, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré nìyẹn, ó sì máa ń mú kí wágọ̀nù dà bí àgbàlagbà tó wọ bàtà ọmọdé. Ẹsẹ̀ OO ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sàn jù. Ó jẹ́ mìlímítà 12.6, irin 16.5 kan náà ló ń rìn lórí rẹ̀, bó bá sì di ti gidi, yóò tó sẹ̀ǹtímítà 80. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti tóbi sí i, ó lè máa ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà náà ó di dandan láti gbé ara ọkọ̀ náà sókè díẹ̀, tàbí láti pààrọ̀ bógì rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Bógì ni férémù kékeré tó di ẹsẹ̀ mẹ́rin mú lábẹ́ ọkọ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ gígùn lè yí kọ́nà.

Ìkọ́ tó so ọkọ̀ kan mọ́ èkejì gbọ́dọ̀ wà ní gíga kan náà lára gbogbo wágọ̀nù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò máa já ara wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bákan náà ni ìwúwo. Wágọ̀nù tó fúyẹ́ jù yóò máa fò kúrò lójú irin ní kọ́nà. Nọ́ọ̀tì irin díẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú kọ̀ǹténà yóò ṣe é, bó bá ti wà nísàlẹ̀ tí kò sì fì sí apá kan.

IGUN KÒ JÌNNÀ SÍ NEW BENIN

Ẹni tó wà ní ìlú Bìní ní àǹfààní kan tí àwọn ará ìlú mìíràn kò ní. Nínú ìlú yìí kan náà ni àdúgbò Igun wà, níbi tí ìdílé àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ti ń ṣiṣẹ́ fún Ọba láti ayébáyé. Wọ́n á fi ìda mọ àwòrán, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á finá sí i kí ìda náà yọ́ jáde, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí ojú ibi tí ìda ti kúrò. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu láti gbọ́ pé ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin àfijọ ní òkè òkun ń gbà ṣe àwọn ohun kéékèèké tó wà lára ọkọ̀: ẹ̀gbẹ́ bógì, ìkọ́, àpótí bíréèkì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìmọ̀ Òyìnbó ni, ó ti wà ní ìlú Bìní kí ojú irin tó dé ilẹ̀ Nàìjíríà rárá.

Kì í ṣe Igun nìkan. Ọmọdé wo ní Nàìjíríà ni kò tíì rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi agolo mílíìkì tàbí páànù sàdíìnì ṣe mọ́tò, tó fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, tó so okùn mọ́ ọn, tó ń fà á kiri àdúgbò? Ojú tó ń wo agolo tó rí mọ́tò nínú rẹ̀, ojú kan náà ni yóò wo wágọ̀nù Amẹ́ríkà tí yóò rí ti Ọ̀fà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń jó rédíò ní New Benin mọ bí wọ́n ṣe ń fi irin gbígbóná lẹ idẹ pọ̀. Ọwọ́ wà nílẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ìwọ̀n.

KÍ IRIN TÓ DÍPẸTÀ TÁN

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ni ó yẹ kó ká ènìyàn lára jù lọ. Ojú irin tuntun ti dé. Ti Abùjá sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016. Ti Itakpe sí Wárì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1987, ni wọ́n ṣí ní 2020. Ti Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn ní kìlómítà 157, ni wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Gbogbo wọn ló jẹ́ oníbùú 1435. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àfijọ ọkọ̀ ẹrù tó ń gba Agbor kọjá lónìí, irin HO àti òṣùwọ̀n 1:87 ti tó o. Ìbú wọn bára mu láìsí wàhálà. Ayé ti ṣe tán láti ta ọkọ̀ tuntun fún ọmọ. Ti bàbá àgbà ni kò sí ẹni tí yóò tà á.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wágọ̀nù àtijọ́ ló wà ní àwọn ibùdókọ̀, tí koríko bò wọ́n mọ́lẹ̀, tí ìpẹtà ń jẹ wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé wọn tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ìwọ̀n wọn bá wọn lọ. Òótọ́ ni pé ilé kan wà ní Èbúté Mẹ́ta, inú ọgbà rélùwéè, tó ń jẹ́ Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n sì ti sọ di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí nípa ojú irin. Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi pè é, ẹni tó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà sí ìwé onípele mẹ́ta. Ẹni tó bá ń ti New Benin lọ sí Èkó lè yà síbẹ̀. Àmọ́ ilé kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo wágọ̀nù sínú.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ọ̀fà tó wà ní New Benin bá tún lọ sílé fún ọdún tàbí fún ìnáwó, iṣẹ́ kan wà tí kò gba ju wákàtí kan lọ. Kó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibùdókọ̀. Bí wọ́n bá gbà fún un, kó mú téèpù ìdíwọ̀n àti ìwé pélébé dání. Kó wọn gígùn ọkọ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ láti orí irin. Kó wọ̀n láti àárín ẹsẹ̀ kan dé àárín èkejì lára bógì, kó wọn ìbú àárín ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, kó ka pákó tàbí páànù tó wà lára rẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà àti àwọ̀ ọ̀dà rẹ̀ sílẹ̀. Kó wá ya àwòrán rẹ̀ ní iwájú, ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́. Bí bàbá rẹ̀ bá ṣì wà láyé, kó mú un dání lọ síbẹ̀, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí téèpù kò lè wọ̀n: ibi tí gáàdì máa ń jókòó sí, ibi tó máa ń fi fìtílà kọ́, irú ẹrù tí ọkọ̀ náà máa ń gbé lóṣù wo.

Nígbà tó bá padà sí New Benin, kó pín gbogbo ìwọ̀n náà sí ọ̀nà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kó sì jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Wágọ̀nù àkọ́kọ́ lè wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má dọ́gba. Ọ̀dà rẹ̀ lè ṣàn. Èkejì yóò sàn jù ú lọ. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá tún béèrè bí ọkọ̀ bàbá àgbà ṣe rí, kò ní sí pé à ń wá ọ̀rọ̀ tì. Bàbá rẹ̀ yóò gbé e lé e lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ojú irin tó gbé ọ̀pọ̀ ìran Yorùbá lọ sí ìdálẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú orísun náà. Bí kò bá sí ẹni tí yóò tà á fún wa, kí á wọ̀n ọ́n nígbà tí ó ṣì wà nílẹ̀.